Ohun Tí A Ò Gbọ́dọ̀ Sọ Níwájú Àna

Irọ́ mẹ́ta ni mo pa fún nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Leeds, lójú ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní kò sí. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ tí ìyá mi bí máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ìyá mi bí òkú ọmọ rí. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí tí kò sí níbi ìjà. Nọ́ọ̀sì kọ "kò sí" sí orí ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní kí n bọ́ bàtà kí n wá gun ìwọ̀n.

Mi ò ka ara mi sí òpùrọ́. Tíṣà ni bàbá mi títí ó fi kú, tíṣà lèmi náà kí n tó bá ọkọ mi dé ìlú òyìnbó, mo sì ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ tó kéré ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ní Ìlórò tí wọ́n ti bí mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjerò, irú èèyàn kan ṣoṣo ló ń bèèrè nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Àna ni. Kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ nínú ilé kan, wọn a rán èèyàn wá fọgbọ́n wádìí: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé àwọn obìnrin ilé náà ń bímọ ní ìrọ̀rùn. Màámi ti kọ́ àwa ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdáhùn náà láti kékeré, bó ṣe kọ́ wa ní Àdúrà Olúwa. Ẹni yòówù kó bèèrè, kò sí. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì yẹn wá la ẹnu bèèrè, tí ọkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu mi ti dáhùn kí orí mi tó gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ó wà. Ẹ̀gbọ́n Màámi obìnrin ló wà lára rẹ̀, Ìyá Ẹ̀fọ̀n là ń pè é, nítorí Ẹ̀fọ̀n ló lọ́kọ sí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ó padà wá bá wa gbé. Odindi kèǹgbè omi ló lè mu láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Èèrà máa ń bo ibi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, Màámi a sì tètè da eérú lé e lórí kí àwọn aládùúgbò tó jí. Egbò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná fún ọdún kan gbáko. A ní kùkùté ló gún un lóko.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará ilé ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìdó-Ilé wá mọ̀ wá, Màámi fi Ìyá Ẹ̀fọ̀n sínú mọ́tò, ó ní kó lọ kí àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá náà mọ ìdí rẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra lẹ́bàá mọ́tò, ó ní kí ọkọ mi tọ́jú mi o, ó sì wọlé jókòó. Àwọn àna wá, wọ́n jẹun, wọ́n yin ilé wa pé ó tòrò. Ìyá Ẹ̀fọ̀n kò padà wá sí Ìlórò mọ́. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti kú.

Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀fọ̀n ní Leeds. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó bi mí bí mo ṣe sùn. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbẹ̀ kì í ṣe òtútù tí gbogbo èèyàn ń sọ, òkùnkùn ni. Ní Oṣù Kejìlá àkọ́kọ́, mo dáná oúnjẹ alẹ́, mo jẹ, mo gbàdúrà, mo ti fi aṣọ bora kí n tó wo aago. Aago márùn-ún àbọ̀ ni. Ọkọ mi ti ilé ìwé gíga tó ń lọ dé, ó bá mi lórí ibùsùn, ó rò pé ara mi ò yá.

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé ilé tó kàn wá. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi orúnkún tẹ̀ díẹ̀ kí i ní àárọ̀, bí ọmọlúàbí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó dá ọkọ mi dúró lójú ọ̀nà, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í bóyá orúnkún ìyàwó rẹ̀ ń dùn ún. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń nàró kí bàbá náà, inú mi sì ń bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe é.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti rí iṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń lọ̀ níbẹ̀, lórí ẹ̀rọ gígùn kan tó gbóná bí ààrò. Obìnrin ará Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Pauline ló ń bá mi mú etí aṣọ kejì. Ó tó àbúrò ìyá mi lọ́jọ́ orí, nítorí náà Àǹtí ni mò ń pè é. Òun nìkan ló ń bi mí bí mo ṣe sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń jẹun, Àǹtí Pauline fa abẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì rẹ̀ bí ẹni ń fa ìyarun yọ. Ó gbé aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gún un mọ́ ikùn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó ní ìyá òun ní i, wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá ìyá òun nítorí rẹ̀, inú oyún ọmọ òun ló sì ti kọ́kọ́ yọ sí òun. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ẹni tó gbọ́. Àánú ẹbí rẹ̀ ṣe mí, pé obìnrin tó dára báyìí ń fi ilé bàbá rẹ̀ ṣeré lójú àlejò. Ó wo ikùn mi, ó bi mí bóyá ó wà ní ilé wa náà. Mo ní kò sí. Ó ní bó bá wà kí n tètè sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, pé wọ́n mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i.

Ikùn mi tóbi, mo sì ń fi yangàn. Mo kọ̀wé sí Màámi pé ìbejì ni wọ́n rò, kí wọ́n tó rí i pé ẹyọ kan ni. Ó fèsì pé òun ti dúpẹ́ nínú ìjọ, pé àwọn obìnrin ilé wa kì í bí ọmọ tín-ín-rín. Ní oṣù keje, nọ́ọ̀sì rí ṣúgà nínú ìtọ̀ mi. Ó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹbí. Mo ní tíì oníṣúgà mẹ́rin ni mo mu kí n tó kúrò nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ibi iṣẹ́ ni mo lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo dúró nídìí ẹ̀rọ tí mo ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò tíì yí láti àná. Mo mu omi tútù. Mo tẹ ikùn mi. Àǹtí Pauline fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbá mi lápá mú, a sì jáde láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọsibítù, dókítà kan fi ẹ̀rọ wá ìró ọkàn ọmọ náà káàkiri ikùn mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ náà, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa dókítà kì í jókòó ti aláìsàn. Bó ṣe jókòó yẹn ni mo ti mọ̀.

Mo bí ọmọ náà ní ọjọ́ kejì. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbé e fún mi. Ó sanra bí ọmọ olóṣù mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, èékánná rẹ̀ ti gùn. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ wá lára ọmọ tí kò sí lára rẹ̀, àfi ẹ̀mí. Mo sunkún débi pé ohùn mi há. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wá pariwo pẹ̀lú mi, kí àwọn obìnrin ilé kún inú yàrá náà, kí wọ́n jókòó sílẹ̀. Tíì ni wọ́n gbé wá.

Nígbà tí ọkọ mi lọ mú kóòtù mi wá nílé, dókítà náà padà wọlé, ó tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹbí. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ará ilé àna nínú yàrá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: Ìyá Ẹ̀fọ̀n, èèrà, egbò, àti ọmọ mẹ́ta tí Màámi bí ṣáájú mi, tí wọ́n tóbi tí wọn kò ké, tí Màámi sì ní ayé ló pa wọ́n. Ó mú ìwé, ó fi àmì kékeré ya gbogbo wa sí i, Màámi lókè, èmi nísàlẹ̀, ó sì ń fi ìlà so wá pọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni òbí fi ń tà á látaré fún ọmọ, nǹkan kéékèèké púpọ̀ ni, tó ń wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ bí gíga àti ìrísí imú ṣe ń wá. Ọmọ mìíràn a jogún púpọ̀ nínú rẹ̀, òmíràn díẹ̀. Obìnrin lè gbé e kiri láìmọ̀, títí oyún yóò fi dé. Oyún a ni ara lára, ṣúgà a gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, a máa wọ inú ọmọ, ọmọ a máa sanra, ó sì lè kú kó tó dé ayé. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ ní àkókò, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Kò bá mi wí. Ì bá dára kó ti bá mi wí. Ìbéèrè tó fi parí rẹ̀ ni pé ṣé mo ní àbúrò obìnrin.

Mo ní méjì.

Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní ọ̀dọ̀ tiwa nígbà náà kì í ṣe ohun eré. A ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ ni ìjọba wà, wáyà kò sì dé Ìlórò. Màá kọ̀wé ṣáájú pé ní Sátidé báyìí, aago mẹ́wàá, kí Màámi wà ní ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Adó. Òun náà a wọ mọ́tò lọ sí Ìjerò, a wọ òmíràn lọ sí Adó, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín èrò, títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀. Èmi a lọ sí ilé Àǹtí Pauline, nítorí òun ló ní tẹlifóònù. Ìlà náà máa ń han bí ẹni ń ya aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, àfi kó pariwo.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ikú ọmọ náà, Màámi ní kí n pa ẹnu mọ́, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Mo sọ ohun tí dókítà sọ. Ó bi mí bóyá ọkọ mi wà nítòsí. Mo ní kò sí. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún un, ó sì ní èrò pọ̀ lẹ́yìn òun.

Kò pẹ́ sí i ni lẹ́tà Tóyìn, àbúrò mi, dé. Tíṣà ni ní Àrámọ̀kọ, òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé ìwé kan náà. Ó kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn, ó wá fi ìtìjú kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun náà ti lóyún oṣù mẹ́rin. Mo tún gbólóhùn yẹn kà. Mo sọ ohun gbogbo fún ọkọ mi ní ọ̀sán Sunday tó tẹ̀lé e, bó ṣe ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ó bẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àbúrò bàbá òun kan wà tí orí rẹ̀ kò pé, pé Erìjìyàn ni wọ́n gbé e pamọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn mi wá wádìí ilé wọn. A wo ara wa. A bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó ní kí n kọ̀wé sí Tóyìn lọ́jọ́ náà.

Mo kọ ọ́. Àpótí lẹ́tà ìjọ ní Ìlórò ni lẹ́tà Tóyìn máa ń gbà, Màámi ló ń fi í ránṣẹ́ sí i ní Àrámọ̀kọ, ibẹ̀ ni mo sì fi tèmi ránṣẹ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, márùn-ún kọjá, èsì kò dé. Ní ilé ìfọṣọ mò ń ka oṣù lórí ìka. Mo ti rò pé mo fi ilé sílẹ̀, pé mo ti bá ọkọ̀ òfurufú kúrò lábẹ́ ẹ̀rù ilé wa àti àṣírí rẹ̀. Kí ni mo fi sílẹ̀? Mo wà nínú ìlú tí kò mọ orúkọ bàbá mi, ìyà ilé wa sì mọ ọ̀nà wá mi kàn níbẹ̀. Àwọn tí mo ń gbé láàárín wọn a máa sọ ohun tó wà lára wọn fún àjèjì, wọn kì í sì kí aládùúgbò. Tiwa ń kí gbogbo ayé, a kì í sọ fún ọmọ inú wa. Mi ò mọ èyí tí mo jẹ́ mọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oyún Tóyìn ń dàgbà.

Mo tún pe Adó. Màámi ní lẹ́tà náà dé, òun sì ti kà á, ó wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí òun. Mo béèrè ìdí. Ó ní ìyá ọkọ Tóyìn ń gbé pẹ̀lú wọn, kò sí ìwé tó wọ ilé náà tí kò ní kí wọ́n ka fún òun. Ó ní Bùnmi, àbíkẹ́yìn wa, ṣì wà nílé, àwọn kan láti Ìjerò sì ti ń bèèrè rẹ̀. Ó ní ta ni yóò fẹ́ Bùnmi bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde? Ìyá Ìjọ ni Màámi, gbogbo obìnrin Ìlórò ló ń wojú rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, ṣùgbọ́n ìbínú mi ju àánú lọ. Mo sọ fún un pé bí Tóyìn àti ọkọ rẹ̀ kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Adó ní Sátidé kejì sí i, màá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé wọn. N kò sọ̀rọ̀ sí ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ní Sátidé náà gbogbo wọn wá. Tóyìn kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ikùn òun ti tóbi, n kò lè mọ òun mọ́. Mo ní kó fi tẹlifóònù fún Màámi. Mo ti pinnu pé kì í ṣe èmi ni yóò sọ ọ́. Bí èmi bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó ni wọn yóò pè é. Mo ní, "Màámi, ẹ sọ fún un, kí n fi etí ara mi gbọ́."

Ó sọ nǹkan kan. Ìlà náà ń han.

"Mi ò gbọ́ yín, Màámi."

Ó tún un sọ. Lóòótọ́ ni mi ò gbọ́. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.  Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi, ohùn tó fi ń gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àárín ọ́fíìsì tó kún fún èrò.

"Tóyìn, gbọ́! Ìtọ̀ ṣúgà ló pa Ìyá Ẹ̀fọ̀n, kì í ṣe kùkùté. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí tí wọn kò ké. Ujọ́ tí mo bí ọn, mo ní ayé ló pa ọn. Urọ́ ni. Ó wà ní ulé wa, ó wà lára mi, òun ló pa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Kúrò níbí, kí ọkọ rẹ mú ọ lọ ọsibítù."

Mẹ́rin. Mẹ́ta ni mo mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi.

 Ọkọ Tóyìn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Adó láti ibẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá ní òwúrọ̀ Monday láìjẹun, wọ́n fún un ní omi oníṣúgà mu, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí oṣù rẹ̀ fi pé. Ọmọ náà kéré, ó sì ké. Ìròyìn náà ti dé Ìlórò kí mọ́tò Màámi tó dé. Àwọn ará Ìjerò tó ń bèèrè Bùnmi kò padà wá, ọdún mẹ́fà sì kọjá kí ẹlòmíràn tó bèèrè rẹ̀. Màámi fi ipò Ìyá Ìjọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ò lóyún mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lọ sí ọ̀dọ̀ gbogbo dókítà tí wọ́n dárúkọ fún mi.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, lẹ́yìn tí Tóyìn àti ọkọ rẹ̀ ti jáde, Màámi ṣì di tẹlifóònù náà mú.  Ó bi mí ní ohun tí kò bi mí láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú.

"Ọmọ rẹ ọ̀ún, akọ ni àbí abo?"

"Abo ni, Màámi."

"Ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ló jọ."

Ìlà náà ti dẹ́kun híhan. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí, títí wọ́n fi já ìlà náà mọ́ wa létí.